Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Òyìnbó fún Ọ̀gá Mi

Mo rántí ìgbà tí kò tíì sí ọ̀rọ̀ físà nínú ìrìn àjò Lọ́ńdọ̀n. Mo ṣì kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó di ẹrù, tó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ bí ẹni ń lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Òun náà ló mú mi lọ bá ọ̀gá mi kó tó lọ, pé kí n kọ́ iṣẹ́ jórinjórin, torí orí mi ò gba ìwé. Nígbà tó wá di pé èmi náà fẹ́ lọ wò ó, nǹkan ti yí padà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ ìlú àwọn mọ́ láìgba físà. Èèyàn á kọ́kọ́ lọ dúró níwájú òyìnbó ní ẹ́ńbásì, á sì fi hàn pé òun ní ohun tí yóò fa òun padà wálé.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà ní Ìkòtún, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìgàndó. Ìgbà yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníbáńkì ń kó bọ̀ ní àdúgbò wa, ilé ń hù bí olú, kò sì sí ilé tí kò fẹ́ géètì. Mo ti gba fíríìdọ̀mù, ṣùgbọ́n mo dúró ti ọ̀gá, èmi ni àgbà láàárín àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Mi ò ní purọ́, ọwọ́ mi mọ́. Bí mo bá jó irin méjì pọ̀ tí mo fi fáìlì ra á, o ò ní mọ ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pé àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀, òun sì fẹ́ fojú kàn mí. Ọkọ rẹ̀ kọ ìwé ìpè, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ni n ó dé sí, àwọn ni yóò máa bọ́ mi. Ohun kan ló kù: ìwé láti ọwọ́ ẹni tí mò ń bá ṣiṣẹ́, pé lóòótọ́ ni mo níṣẹ́, pé àyè mi ń dúró dè mí. Mo lọ bá ọ̀gá. Ó ní, “Ìyẹn ò le. Rán mi létí lọ́la.” Mo rán an létí lọ́la, mo rán an létí lọ́túnla. Nígbà tó yá, tó bá ti rí mi lókèèrè á ti máa pariwo lé àwọn ọmọṣẹ́ lórí, kí n má baà ráyè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi ní ẹ́ńbásì kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, kò sọ fún ẹnì kankan ìgbà tí yóò dé.

Mo lọ bẹ́ẹ̀ láìní ìwé. Ẹ ò bá rí èmi ọlọ́gbọ́n lọ́jọ́ náà! Kóòtù tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi bò mí dé eékún. Mo ti rò ó dáadáa: bí wọ́n bá béèrè ẹ̀rí iṣẹ́, ọwọ́ mi ni n ó fi hàn wọ́n. Nígbà tí òyìnbó sì béèrè, mo ká apá kóòtù sókè, mo na ọwọ́ méjèèjì sí i, kó rí gbogbo ojú ibi tí iná ti jó mi. Nínú ọgbọ́n tèmi, ta ló máa rí irú ọwọ́ yẹn tí yóò ní mi ò níṣẹ́? Òyìnbó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ ní, “Wọ́n ní àwọn ò béèrè ọwọ́.” Wọ́n dá páásípọọ̀tù mi padà. Kí ọyẹ́ ọdún yẹn tó lọ, wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n mi sí ilẹ̀ onílẹ̀.

Ọ̀gá wá kí mi. Ó jókòó, ó mi orí, ó ní, “Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni.” Mo ní, “Ẹ ṣé, sà.” Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. Àwọn èèyàn rò pé n ó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹnu yà wọ́n pé mo dúró. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ gbẹ̀san kì í fẹ́ rìn jìnnà. Bí mo bá gbé gíláàsì dúdú sójú tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ojú ọ̀gá ni mò ń rí láàárín rẹ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Ọjọ́ kan náà sì dé. Ọ̀gá ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Lọ́ńdọ̀n ló wà. Ìròyìn dé pé mọ́tò gbá a, wọ́n fẹ́ la ìbàdí rẹ̀, ọmọ náà sì ń ké pe bàbá rẹ̀. Ọ̀gá tí kì í kánjú bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri. Ó ya fọ́tò, ó wá ìwé ilé, ó wá ìwé ṣọ́ọ̀bù, ó ń gbàgbé oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn. Mo ń jó irin, mo ń fi ẹnu súfèé.

Àṣà kan wà ní àdúgbò wa nígbà yẹn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ sí ẹ́ńbásì, àwọn ará ilé àti aládùúgbò á kóra jọ, wọ́n á kọ́kọ́ dán an wò. Ẹnì kan á ṣe òyìnbó, á jókòó sẹ́yìn tábìlì, á máa da ìbéèrè bò ó. Ẹni tó bá ń ṣe òyìnbó kì í kí àgbà, “ìwọ” ló máa ń pe gbogbo èèyàn, ọba ì báà ṣe. Ẹnikẹ́ni kì í bínú sí i, ohun tí wọ́n bá sì sọ níbẹ̀, wọn kì í gbé e kúrò níbẹ̀. Tíṣà tó ń gbé òdì kejì títì ló sábà máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sọ́ńdè tí wọ́n fẹ́ dán ọ̀gá wò, tí ara rẹ̀ ò sì balẹ̀ mọ́ torí ọ̀túnla ni yóò lọ sí ẹ́ńbásì, ìyàwó rẹ̀ ló ní, “Tíṣà, ẹ má bínú o. Ọmọ tiwa yìí ti dé iwájú wọn rí. Ẹ jẹ́ kó ṣe é.” Obìnrin náà ò ní ìkà nínú. Ó gbàgbé ni.

Mo jókòó sẹ́yìn bẹ́ǹṣì tí a fi ń ge irin. Mo ti pinnu ohun tí n ó ṣe. N ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ níbẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn, tó fi jẹ́ pé bó bá dé iwájú òyìnbó gidi, ahọ́n rẹ̀ á so. Ọ̀gá wọlé, ó kí mi, “Ẹ káàsán, sà,” ó sì fẹ́ jókòó.

“Dìde! Ta ló ní kó o jókòó?”

Ó dìde kíá. Ẹ̀rín sọ. Alájì tó ni ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wà lórí rẹ̀ pàtẹ́wọ́. “Háà! Òyìnbó tòní ò dáa ṣá o!”

“Òyìnbó Ìkòtún, ẹ rọra jàre,” ìyá aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní. “Ẹlẹ́jẹ̀ ríru nìyẹn o.”

Mi ò rẹ́rìn-ín. “Kí lo fẹ́ lọ ṣe nílùú wa?”

“Mo fẹ́ lọ wo ọmọ mi ni, sà. Ó ń ṣàìsàn.”

“Ṣé ìwọ ni dókítà?”

“Rárá, sà. Èmi ni bàbá ẹ̀.”

“Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọlé tán, ẹ ò ní jáde mọ́. Kí ló máa mú ẹ padà wá síbí?”

“Mo ní ṣọ́ọ̀bù, sà. Mo ní àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́.”

“Ta ni àgbà nínú wọn?”

Ó gbójú sókè wò mí, ó tún gbé e sílẹ̀. “Ọmọ kan wà, sà. Ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ.”

“Ọmọ yẹn ò wá síbí rí pé òun náà fẹ́ lọ wo aláìsàn?”

Ìyàwó ọ̀gá ní, “Òyìnbó, irú ìbéèrè wo tún nìyẹn?” Ṣùgbọ́n Alájì, tí ò mọ ohun tó ń lọ, ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Òyìnbó kì í béèrè ohun tó yẹ. Bàbá, ẹ dá wọn lóhùn.”

Ọ̀gá ṣí fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú. “Ó wá, sà.”

“Ẹni tó ń bá ṣiṣẹ́ kọ̀ láti kọ ìwé fún un. Kí ló dé?”

Mo rò pé á purọ́. Mo ti pèsè ohun tí n ó fi da irọ́ náà rú.

“Ẹ̀rù ló bà á, sà,” ó ní. “Ẹ̀rù bà mí. Mo rí àwọn tó ń lọ, mi ò rí wọn kí wọ́n padà. Mo ní bó bá lọ, ṣọ́ọ̀bù mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo rò pé àìsàn tí yóò lọ ni. Mi ò mọ̀ pé yóò pa ẹ̀gbọ́n ẹ̀.” Ó wá ṣe ohun tí mi ò retí. Ó kúnlẹ̀, àgbàlagbà, lórí iyẹ̀pẹ̀ tí èérún irin kún. “Mi ò lójú tí mo fi lè sọ fún un, sà. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.”

Ìyẹn ni ohun tí mo ti ń wá láti ìgbà tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n mi. Ó wà níwájú mi, lórí ìkúnlẹ̀. Ọkàn mi sì le sí i, torí ó dùn mí pé òyìnbó ló bẹ̀, kì í ṣe èmi. Mo mú òòlù, mo gbá bẹ́ǹṣì.

“A ò fún ẹ. Ẹlòmíì!”

Bí eré náà ṣe máa ń parí nìyẹn, ni àwọn èèyàn bá bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ní mo le ju òun lọ. Ọ̀gá dìde, ó gbọn eékún rẹ̀, ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí.

Ọ̀gá lọ, wọ́n sì fún un ní físà. Nígbà tó dé láti ẹ́ńbásì, tí wọ́n yí i ká, ó ní, “Òyìnbó ibẹ̀ yẹn? Ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa! Gbogbo ohun tó bi mí, mo ti dáhùn èyí tó le jù ú lọ.” Èmi tí mo fẹ́ fọ́ ọ, èmi ni mo rọ ọ́ tó fi le bí irin. Mo fi eyín rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń mú àwọn arìnrìn-àjò wá bá mi láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìpájà, pé kí n bá àwọn dán wọn wò, mi ò sì ṣàánú ẹnì kankan nínú wọn.

Ọ̀gá rí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà yè, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ọ̀gá ò sì jókòó síbẹ̀, ó padà wá, ó ra ìbọ̀wọ́ awọ fún mi, irú èyí tí iná kì í jó wọ inú. Ó nà án sí mi, ó dúró bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, “Ẹ ṣé, sà,” mo yíjú sí irin mi.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí. Ọ̀gá ṣì wà ní Ìkòtún, iná ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, ohùn ló fi ń mọ èèyàn. Mo máa ń yà kí i, n ó dọ̀bálẹ̀, á gbàdúrà fún mi, a ó sọ̀rọ̀ irin tó wọ́n àti àwọn ọmọṣẹ́ tí wọn kì í gbọ́ràn. Nígbà míì, láàárín ọ̀rọ̀, á dákẹ́, á kọ etí sọ́dọ̀ mi. Mo mọ ohun tó ń retí. Kò lè tún un bẹ̀, torí òfin eré náà ni pé a kì í gbé e kúrò níbẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ìdúró rẹ̀ yẹn máa ń tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn ọjọ́ kan sì wà, wọ́n sì ti ń pọ̀ sí i báyìí, tí mi ò lè jẹun bí mo bá dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí òyìnbó bá òun bẹ̀ mí. Òyìnbó jẹ́ iṣẹ́ náà fún mi lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èmi ni mi ò tíì fèsì.