Àpótí Tí Verlon Kò Gbọ́ Ohùn Rẹ̀ Mọ́

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, Verlon Tadlock, ń gbẹ́ àpótí tí àwọn ọdẹ fi ń pe tòlótòló nínú igbó, kì í sì í ta èyí tí akọ kankan ò tíì dá lóhùn. Bí bàbá rẹ̀ náà ṣe ń ṣe é nìyẹn lórí òkè wa ní Alabama. Yóò gbẹ́ igi kedari di àpótí tẹ́ẹ́rẹ́, yóò fi ṣọ́ọ̀kì pa ìdérí rẹ̀, yóò sì gbé e wọ igbó ní ìdájí. Ibẹ̀ ni yóò ti máa fi ìdérí ha ẹnu àpótí títí yóò fi ké bí abo tó ń wá ọkọ. Bí akọ bá dáhùn, ó di títà. Bí kò bá dáhùn, ó di igi ìdáná. Mo ti fi ọ̀pọ̀ wọn yáná rí.

Nígbà tí etí Verlon bẹ̀rẹ̀ sí í di, ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ sá lọ. Lọ́dún yẹn, ó ní bí èyí tóun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ò bá rí ìdáhùn, òun á kó irinṣẹ́ òun dànù. Àyà Ouida, ẹ̀gbọ́n mi, já. Ó mọ̀ pé ọkọ òun á kàn jókòó ti fèrèsé ni, títí ikú á fi dé.

La bá tẹ̀ lé e wọ igbó ní ìdájí. Ìkùukùu bo àfonífojì, òdòdó funfun ń já bọ́ sí wa lórí, ó wá ń ṣe mí bíi pé mò ń lálàá láìsùn. Verlon fẹ̀yìn ti igi. Ouida gbọ́wọ́ lé e léjìká. Bí ẹyẹ bá dáhùn, á tẹ èjìká náà kí ọkọ rẹ̀ lè mọ̀.

Verlon ha àpótí. Ohùn náà dùn débi pé omi bọ́ lójú mi, èmi tí mi ò fẹ́ràn tòlótòló àfi nínú àwo. Igbó pa rọ́rọ́.

Ouida tẹ èjìká rẹ̀.

"Ó dáhùn?"

"Ó dáhùn, olówó orí mi."

Mo fi ìyàlẹ́nu wò ó. Ó fojú sọ fún mi pé kí n gbé ẹnu mi sọ́hùn-ún.

"Tòlótòló ló dáhùn ni, àbí ìwọ?" Verlon rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n."

Ni Ouida bá bú sẹ́kún. "Kò dáhùn! Mi ò fẹ́ kó o jókòó ti fèrèsé ni, Verlon. Ẹ̀rù ń bà mí."

Verlon yí àpótí náà wò lọ́wọ́. Ó wá béèrè pé, "Kí ló kù díẹ̀ káàtó nínú ohùn àpótí yìí?"

Ouida nu imú. "Ìparí ẹ̀ ga jù."

Verlon yọ ọ̀bẹ lápò, ó fá ẹ̀gbẹ́ àpótí náà díẹ̀, ó tún ha á, ó sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Báyìí ńkọ́?"