Ta Ni Ìyàndá Ń Pè Ní 'Fair'?

Ẹni tó bá fẹ́ yin Ìyàndá, àbúrò mi, lójú mi, kó kọ́kọ́ bi mí ní ohun tí ojú mi rí lọ́dún tó ń wá ìyàwó. Ọdún kejì òmìnira ni. Gbogbo Oníṣà, ìlú tí à ń gbé nílẹ̀ Ìgbò, ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà bí ẹni pé wọ́n ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ létí odò. Àwa méjèèjì jọ ń ta aṣọ lọ́jà ni. Ìyàndá lè fi èdè Ìgbò pe oníbàárà tó ti ń lọ padà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò ju 'fair price' lọ.

Moríyọ̀ ló wá wu olúwa rẹ̀. Oníṣà ni wọ́n bí Moríyọ̀ sí, ó kàwé, akọ̀wé kan ní èbúté sì ti ń da Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn nítorí rẹ̀. Bàbá Moríyọ̀, Bàbá Olúgbémi tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà, ní kí Ìyàndá wá sọ tẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bí ọmọ òun bá ti kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Àbúrò mi sáré lọ ra ọ̀kan nínú àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kọ́ ọkùnrin ní ẹnu ìfẹ́ lọ́jà wa. Ẹni tó tà á túmọ̀ ojú ìwé kan fún un: ọkùnrin inú ìwé pe olólùfẹ́ rẹ̀ ní 'fair', ìyẹn arẹwà, obìnrin náà sì dákú fún ayọ̀. Ìyàndá fò sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tí a fi ń ta aṣọ ni! Mo mọ̀ ọ́n!"

Láti ọjọ́ náà, mi ò gbádùn. Ó pe ọbẹ̀ ní 'fair', ó pe ewúrẹ́ ní 'fair', ó pe èmi náà títí mo fi sọ ìgbakọ lù ú.

Ọjọ́ Àìkú pé, a lọ. Ẹ gbọ́ o, Moríyọ̀ dú. Ó dú, ó ń dán, bíi kóró iṣin. Àbúrò mi dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Moríyọ̀, you are fair!"

Ẹni tó pupa la sì ń pè ní 'fair' ní Oníṣà. Moríyọ̀ wo apá rẹ̀ ọ̀tún, ó wo tòsì.

"Who be fair? Ṣé Súlìyát tó pupa nílé kejì lẹ ń wá tí ẹ fi ṣìlé wọ̀, àbí ẹ fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni?"

Bàbá rẹ̀ náà kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. "'Fair' kẹ̀? 'Fair' ni tíṣà máa ń kọ fún Káyọ̀ ọmọ mi tó bá ti gbé ìkẹyìn. Mo sì máa ń nà án!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Moríyọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láti ilé ìwé ni wọ́n ti ń pè é ní Blackie, ó sì ti sú u. Ó dìde, ó kọrí sí yàrá, àánú àbúrò mi sì wá ṣe mí.

"Dúró!" Ìyàndá kígbe. "Adúmáadán ni mo fẹ́ sọ! Mi ò mọ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ni!"

Moríyọ̀ dúró. Èdè Ìgbò ló fi ṣeré dàgbà, Yorùbá rẹ̀ kò kọjá ti inú ilé. "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó dú, tó sì ń dán. Ẹni tí dúdú rẹ̀ ń wu èèyàn í wò."

Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ṣé òótọ́ ni? Ọ̀rọ̀ wà fún un?"

"Ó wà."

"Ẹ ò sì pè mí bẹ́ẹ̀ rí?"

Bàbá Olúgbémi họ orí. Moríyọ̀ padà wá jókòó, ó kọjú sí àbúrò mi, ó ní, "Ẹ tún un pè."

Ìyàndá pè é.

"Ẹ tún un pè."

Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há, Moríyọ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, nítorí pé àna òun kò tíì jẹun.