Bàbá Ètò àti Àwọn Fódà Rẹ̀

Lọ́jọ́ tí Bàbá Ètò pariwo olè, gbogbo àdúgbò rò pé ilé ń jó ni.

"Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti kó gbogbo ọmọ mi lọ!"

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tíṣà tí iléèwé rẹ̀ kò jìnnà, sáré dé tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ó bá bàbá rẹ̀ nínú pálọ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, ó káwọ́ lérí. Fọ́tò àwọn ọmọ ni olè jí, kì í ṣe àwọn ọmọ fúnra wọn. Fódà tó kó fọ́tò náà sí ti dàwátì.

Ni Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀rọ̀ wá ará ilé lẹ́nu wò. Ó bi ìyàwó rẹ̀ pé níbo ló wà láàárọ̀. Màmá ní ilé ìdáná lòun wà, òun ń se oúnjẹ tí ẹni tó ń bi òun léèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán. Bàbá ní ìyẹn kò tíì tó ẹ̀rí.

Ọlọ́pàá tó ń gbé ilé kejì yà wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pe ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkóríta. Ó jókòó, ó tẹ ibì kan, ó tún tẹ ibòmíràn, gbogbo fọ́tò sì yọjú pátá.

"Bàbá, kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ ní kí kọ̀ǹpútà fi fódà yìí pa mọ́."

Òótọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í pa mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà da ètò rẹ̀ rú. Gbogbo ojú yí sí i. Bàbá rọra tún fìlà rẹ̀ dé.

"Ẹ ò rí i?" ló wí. "Ìró bàtà ọlọ́pàá ni olè gbọ́ tó fi dá wọn padà."

Kò sí bí kò ṣe ní í jẹ́ Bàbá Ètò. Yàrá tí wọ́n ń kó ọ̀dà sí ní iléeṣẹ́ kan ló ṣọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, bí agolo kan bá kọjú sógiri níbẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Àwọn ọmọ ra kọ̀ǹpútà fún un pé kó máa fi ka ìròyìn. Ìròyìn wo? Màmá ní ọjọ́ tí ọkọ òun mọ̀ pé èèyàn lè pààrọ̀ bí fódà ṣe ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, ọjọ́ náà ló gbé ìyàwó kejì wọlé.

Ìyáálé ò sì gbà fún ìyàwó. Màmá fẹ́ kí orúkọ fọ́tò tò tẹ̀lé ara wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bàbá ní àwòrán gbàgàdà lòun fẹ́.

"Ṣé orúkọ ni mo bí ni? Ojú ọmọ mi ni mo fẹ́ rí!"

"Ojú wọn ti tóbi jù. Ó ń bà mí lẹ́rù."

Bí Bàbá bá ti wọ balùwẹ̀, Màmá á yọ́ lọ sídìí kọ̀ǹpútà, á yí i padà. Bàbá á sì pariwo láàárín ọṣẹ pé, "Mo ń gbọ́ ìró eku kọ̀ǹpútà yẹn o!"

Màmá á dáhùn pé, "Ẹ̀ bá kúkú ra ológbò."

Nígbà tó yá, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán kéékèèké sórí fódà kọ̀ọ̀kan. Ti tíṣà jẹ́ ìwé, ti àbúrò rẹ̀ jẹ́ bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ọkọ tíṣà, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bá garawa ìdọ̀tí lórí tirẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni garawa ìdọ̀tí ń ṣe lórí fódà mi?"

Tíṣà tẹjú mọ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé garawa ìdọ̀tí ni.

"Garawa kẹ̀? Àgbá ni, àna mi. Àgbá òfìfo ló ń pariwo. Èyí kún fọ́fọ́. Mo fi yìn ọ́ ni."

Ọkọ tíṣà dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ó sì sọ̀rọ̀ nípa oríyìn náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí àìsàn gbé Bàbá dé ọsibítù, dókítà ní kó sinmi. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ sinmi, nígbà tí fọ́tò inú fóònù nọ́ọ̀sì rí wúruwùru báyìí? Tíṣà bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn náà ló sì ti sùn tí kò jí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nọ́ọ̀sì náà wá kí wọn nílé. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde.

"Bàbá bi mí pé ta ni obìnrin tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yìí. Mo ní ìyá mi ni, ọ̀nà wọn jìn. Ni wọ́n bá bú mọ́ mi! Wọ́n ní kí ló dé tí mo to ìyá mi sẹ́yìn bàtà tí mo fẹ́ rà?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé ìyá mi wá sókè. Ní báyìí, bí mo bá ti ṣí i, ojú wọn ni mo kọ́kọ́ ń rí. Mo sì máa ń pè wọ́n."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí, kò mọ ìgbà tí omijé dà pọ̀ mọ́ ọn.

Màmá na ọwọ́. "Gbé e wá kí n rí i."

Ó gbé fóònù náà sún mọ́ ojú, ó wo obìnrin tí kò mọ̀ rí náà fún ìgbà pípẹ́.

"Wọ́n tò ó dáadáa," ló wí.