Bí Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Yí Padà Nínú Ọpọlọ Àǹtí Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mo ń pè ní Àǹtí, ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Onídìrí ni wọ́n ní Ajangbádì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Ìbà ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wọn. Bí Àǹtí ṣe ń dirun ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó jókòó síwájú wọn tí kò ní rẹ́rìn-ín kó tó dìde.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni òòyà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, wọn ò lè dìde mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń dirun fún ló pè mí. Nígbà tí mo fi máa dé ilé ìwòsàn, ẹnu Àǹtí ti yí sápá kan, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò sì gbé mọ́.

Àwọn nọ́ọ̀sì tì wọ́n wọ inú ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú orí, tó ń pariwo bí ìgbà tí èèyàn ń lu páànù. Lẹ́yìn náà, dókítà, obìnrin kan tó lè jẹ́ àbúrò mi, fi àwòrán hàn mí lórí kọ̀ǹpútà.

“Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ wọn, lápá òsì,” ó wí.

Oríṣi àwòrán méjì ni. Nínú ọ̀kan, mi ò rí nǹkan kan tó yàtọ̀, gbogbo rẹ̀ rí bí eérú. Nínú èkejì, ojú ibẹ̀ dúdú bí èédú. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ṣe máa ń rí nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a tún padà lọ ya òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ibi tó dúdú ti funfun, ó ń dán nínú àwòrán méjèèjì. Inú mi dùn.

“Dókítà, ó ti ń mọ́! Ọlọ́run ṣeun!”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ni. Bó ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ ló ń yí padà. Àwọ̀ yẹn la fi ń mọ bó ti pẹ́ tó. Kò sọ fún wa bóyá ara wọn ń yá.”

Mo kó Àǹtí wá sílé mi ní Ìbà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wọn: “Ó yá.” Bí ebi ń pa wọ́n, ó yá. Bí wọ́n ń sunkún, ó yá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá kí wọn, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé wọn lẹ́sẹ̀ pé kí wọ́n dirun fún òun. Ọwọ́ òsì ya irun náà sọ́tọ̀, ó ń dúró de ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún ò wá. Ọmọ náà ò lè gbójú sókè.

Nígbà tí oṣù ti gorí oṣù, a tún ya àwòrán. Ojú ibẹ̀ ti sún kì, ó ku ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí etí rẹ̀ dúdú yípo.

“Irin inú ẹ̀jẹ̀ ló ṣẹ́kù síbẹ̀,” dókítà wí. “Ẹ̀jẹ̀ ti lọ. Àmì yìí ò ní lọ.”

“Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ wọn ò padà?”

“Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá ló bà jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà tó lọ, sà.”

Àǹtí jókòó tì mí, wọ́n ń wo àwòrán orí ara wọn. Mi ò mọ èyí tó yé wọn níbẹ̀. Wọ́n fọwọ́ gbá mi léjìká pé ká máa lọ.

Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ṣì wà. Láàárọ̀, ìyàwó mi máa ń gbé àwo ẹ̀wà síwájú wọn, wọ́n á máa fi ọwọ́ òsì ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ gan-an. A kì í bá wọn ṣe é, torí inú máa ń bí wọn tí a bá dá sí i.