Ẹ Má Tíì Nu Ibùsùn Náà

Mo ń fún aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọlọ́kadà kan já wọ ọgbà ilé ìgbẹ̀bí wa ní Ifangni. Ó ní wọ́n ń gbé aboyún kan bọ̀ láti Lagbé, ọmọ ti fẹ́ yọrí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, apá mi ti kú. Ibùsùn ìbímọ kan ṣoṣo la ní, obìnrin tí ibà ń ṣe, tí omi ara rẹ̀ ń rùn, ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀.

Ọ̀nà ẹnubodè Igolo ni oògùn tí a fi ń fọ yàrá ń gbà wọlé láti Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára rẹ̀. Faransé lèmi kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, agbẹ̀bí àgbà wa tí gbogbo wa ń pè ní Tàǹtí gbé gálọ́ọ̀nù méjì síwájú mi. Mo kà á gátagàta: "cleaner" lára ọ̀kan, "disinfectant" lára èkejì.

Mo ní, "Tàǹtí, ṣebí ìfọ̀lé náà ni méjèèjì?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Non, ìyàwó. Àkọ́kọ́ ń kó ìdọ̀tí lọ. Èkejì ń pa kòkòrò tí ojú ò rí. Kó ìdọ̀tí kúrò ná, kó o tó da èkejì sí i. Tó o bá sì dà á, má nù ún o. Jẹ́ kó wà ní tútù níbẹ̀ títí àkókò tí wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù á fi pé. Kòkòrò kì í kú lójú ẹsẹ̀."

Lọ́jọ́ aboyún Lagbé yìí, mo fọ ibùsùn náà, mo fi omi ṣàn án, mo da oògùn èkejì sí i, mo sì jáde lọ da omi ìdọ̀tí nù. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n dé. Ìyá ọkọ aboyún náà ṣáájú wọ yàrá, ó rí ibùsùn tó tutù rinrin, àánú ìyàwó rẹ̀ ṣe é. Ó tú ìborùn rẹ̀ tó ti gba eruku ọ̀nà, ó fi nù ún gbẹ.

"Mo ti bá ẹ parí ẹ̀, ọmọ mi," ló wí nígbà tí mo wọlé.

Ibùsùn náà ń dán. Ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún. Mo tún fọ̀ ọ́, mo tún da oògùn sí i, mo wá dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Kí lò ń ṣe? Ìyàwó mi ń rọbí, o ń bomi rin ibùsùn! Ṣé ẹ̀wà lo gbìn síbẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Kò tíì ṣe é sùn lé."

"Ìwọ agbálẹ̀ lásán-làsàn! Ta ló fi ẹ́ ṣe dókítà?"

Aboyún náà ń kérora lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi náà ti bímọ, mo mọ bí ilẹ̀ ṣe máa ń le tó nírú àsìkò yẹn. Síbẹ̀, mi ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Tàǹtí kúnlẹ̀ tì í, ó gbójú sókè wò mí.

"Ṣé ó ti tó?"

"Ó ku díẹ̀, Tàǹtí."

"Bon, ó dáa. Máa mí, ọmọ mi. Má tíì tì í."

Nígbà tó tó, mo fi aṣọ mímọ́ nù ún, mo yà fún wọn. Wọ́n gbé aboyún náà sórí ibùsùn, wọn ò tíì tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀ tán tí ọmọkùnrin kan fi jáde, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ìyá ọkọ gba ọmọ, ó ń jó. Ó jó kọjá lára mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti tún kún orí ibùsùn. Mo lọ pọnmi.

Nílé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Ìbùkún, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé ọmọ tuntun yẹn mọ̀ mí?

Mo ní, "Rárá o, kò mọ̀ mí, kò sì ní í mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ibi tí ara rẹ̀ kọ́kọ́ kàn láyé yìí, ìyá ẹ ló fọ̀ ọ́."