Omi Dé Ìbàdí Ìyá Ìjọ

Omi tó ń ṣàn ni ìjọ wa fi ń ṣèrìbọmi. Kì í ṣe omi báàfù, kì í ṣe omi swimming pool. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí mò ń gbé ní ìlú Humble nílẹ̀ Òyìnbó, odò kékeré kan nínú igbó ìjọba ni a máa ń lọ. Ìjọba ti fòfin de igbó náà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, kò gbọdọ̀ já òdòdó. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ka pátákó tí wọ́n kọ òfin yẹn sí lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ọwọ́ olówó kankan kò lè débẹ̀ mọ́. Mo tan ara mi jẹ.

Èmi ni akọ̀wé ìjọ. Bí a bá ti ṣèrìbọmi tán, màá kọ orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ sínú ìwé, màá sì kọ bí omi ṣe jìn tó, nítorí ó gbọ́dọ̀ lè bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Ìyá Ìjọ, arúgbó tó dá ìjọ wa sílẹ̀ nínú pálọ̀ apartment wọn, ló máa ń kọ́kọ́ wọ odò. Wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò igi ńlá kan, ojú kan náà lọ́dọọdún, wọ́n á sì pe ibi tí omi mu wọ́n dé. Ohun tí wọ́n bá pè ni mò ń kọ: “Omi dé ìbàdí Ìyá Ìjọ.” Bẹ́ẹ̀, ní Deer Park, nínú ilé àyẹ̀wò iléeṣẹ́ kẹ́míkà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀kán ẹ̀kán ni mò ń wọn nǹkan láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé kí n mú rúlà lọ sódò.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ìbàdí. Ní ọdún kẹrin, Ìyá wọ odò, wọ́n sì ń wo ẹsẹ̀ wọn nínú omi.

“Ìyá, ibo ló dé?”

“Kọ orúnkún.”

Ní ọdún karùn-ún, ojúgun ni. Obìnrin kan tó ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ìrìbọmi ni a dá padà sílé láìṣe é. Ẹkún ló sun lórí freeway títí a fi dé Humble.

Mo wádìí ọ̀rọ̀. Ní òkè odò, lẹ́yìn igbó, àwọn tó ń kọ́ ilé tuntun ti gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, wọ́n ń fa omi sínú adágún ọ̀ṣọ́ tí wọ́n gbẹ́ síwájú ilé. Wọ́n tún ti ń béèrè ìwé àṣẹ láti fa sí i. Mo fóònù àwọn tó ń ṣọ́ igbó. Ọkùnrin tó gbé e ní igi àti ilẹ̀ ló wà lábẹ́ àwọn; omi, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbàwé ló ni ín. Inú bí mi gan-an. Èèyàn á ṣe máa ṣọ́ igi, kó má ṣọ́ omi tí igi ń mu?

Ìjọba pe ìpàdé lórí ìwé àṣẹ náà, pé kí ẹni tó bá ní àtakò wá sọ ọ́. Mo ní kí n fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ìyá ní, “Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Gbogbo wa là ń lọ, nínú sùtánà.”

Sùtánà wa kì í bá bàtà rìn. Ẹ̀ṣọ́ dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìpàdé, ó ní ẹlẹ́sẹ̀ lásán kì í wọlé.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kàn wọ slippers.”

“Ṣé èmi lo bá wá, àbí àwọn?”

Ìyá jókòó sórí àtẹ̀gùn, a sì jókòó tì wọ́n, funfun báláú. Kò sẹ́ni tó lè kọjá mọ́. Nígbà tó yá, alága ìpàdé fúnra rẹ̀ jáde, ó ní kí ẹ̀ṣọ́ jẹ́ ká wọlé.

Mo ka ìwé ìrìbọmi sókè, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Òyìnbó. Lọ́yà àwọn akọ́lé rẹ́rìn-ín. “Ìbàdí? Ìbàdí kì í ṣe òṣùwọ̀n.” Ojú tì mí, nítorí òótọ́ ló sọ, èmi ni mo sì jẹ̀bi. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá. Wọ́n dìde, wọ́n lọ dúró níwájú tábìlì alága.

“Sọ fún un kó wá wọ̀n mí. Ìbàdí ọ̀hún rèé.”

Obìnrin kan tó jókòó ti alága yọ téèpù nínú báàgì rẹ̀. Ó wọ̀n wọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ojúgun, dé orúnkún, dé ìbàdí. Ẹsẹ̀ lásán ni, kò sí gìgísẹ̀ bàtà tí ẹnikẹ́ni máa yọ kúrò. Bí ó ṣe ń pe íǹṣì ni akọ̀wé wọn ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọdún márùn-ún odò wa di nọ́ńbà. Lọ́yà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, lẹ́tà ìjọba dé. Kí àwọn akọ́lé pa ẹ̀rọ wọn lọ́jọ́ tí omi bá ti lọ sílẹ̀ ju íǹṣì báyìí báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò igi náà. Bí mo ṣe kà á tán, gbogbo ìjọ ké alelúyà. Ìyá nìkan ni kò ké.

“Íǹṣì yẹn, ibo ló bọ́ sí lára mi?”

Mo mú téèpù, mo wọ̀n wọ́n. “Orúnkún ni, Ìyá.”

Mo ká téèpù náà.

“Ìbàdí la béèrè,” Ìyá ní. “Ọjọ́ wo ni wọ́n tún ń jókòó ṣèpàdé?”