Orúkọ Àwọn Ìwé Lẹ́yìn Ìlẹ̀kùn Yàrá Mi

Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yàrá mi ni mo máa ń kọ orúkọ gbogbo ìwé tí mo bá kà tán sí. Báírò ni mo fi ń kọ ọ́: orúkọ ìwé náà, ibi tí mo jókòó sí kà á, àti bó ṣe rí lára mi. Kì í ṣe ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé o. Ìyẹn kò kàn mí mọ́ bí mo bá ti délé. Ìwé tí mo kà fún ìgbádùn ara mi ni. Inú ìwé ìkọ̀wé kan ni mo kọ́kọ́ ń kọ wọ́n sí, àfi ìgbà tí àwọn ọmọ mi fà á ya, tí wọ́n kó o fún ìyá ẹlẹ́pà pé kó fi di ẹ̀pà. Mo ní ó dáa, ta ni yóò fa ìlẹ̀kùn ya? Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tí ìlẹ̀kùn bá kún, a ó kọ́ ilé mìíràn nìyẹn.

Ọmọ Ìlọ́bù ni mí. Ọmọ Ìfọ́n ni ọkọ mi. Ilé wa wà níbi tí ìlú méjèèjì ti wọnú ara wọn, tó jẹ́ pé àlejò tó ń ti Òṣogbo bọ̀ kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì bá tún gbóná, ojú ọ̀nà a dá, àwọn obìnrin a máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi, àyà mi a sì máa já. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ìlẹ̀kùn, tó sì béèrè ọmọ ibo ni wá, kí la ó wí?

Lọ́dún tó le jù, òwúrọ̀ ni ìjà náà bá wa. Mo ń bó iṣu lọ́wọ́ nígbà tí a gbọ́ ìró ìbọn láti apá oko, kò sì pẹ́ tí a rí èéfín. Ọkọ mi ní, "Ìyá àwọn ọmọ, kó sátífíkéètì wa. Fi ìyókù sílẹ̀." Mo kó sátífíkéètì, mo kó aṣọ àwọn ọmọ. Mo padà wọ yàrá, mo dúró síwájú ìlẹ̀kùn. Mo fẹ́ yà á ní fọ́tò, ṣùgbọ́n fóònù ti kú. Ọkọ mi ti tan ọ̀kadà níta. A lọ.

Ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní Òṣogbo ni a sá sí, a sì pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó pàdánù èèyàn wọn ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú wa, ojú sì ń tì mí láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìlẹ̀kùn ni mò ń rò. Ṣùgbọ́n òun ni mò ń rò. Mo máa ń gbìyànjú láti rántí àwọn ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo kà nígbà oyún àkọ́bí mi. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlú Ẹ̀rìn títí awakọ̀ fi bojú wẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò rántí nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ó ń ṣe mí bíi pé bí ìlẹ̀kùn yẹn bá fi lè jóná, a jẹ́ pé n kò ka ìwé kankan rí láyé mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yá mi ní ìwé kan. Mo ṣí i, mo tún pa á dé. Níbo ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí?

Nígbà tí wọ́n ní a lè máa padà, àwọn ṣọ́jà ṣì wà lójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ìlú wo ni mo ti wá. Mo ní tíṣà ni mí. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ní kí a kọjá.

Ilé wa kò jóná, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òrùlé wà, ògiri wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti tú gbogbo fèrèsé àti ìlẹ̀kùn lọ. Ẹ̀rù mìíràn tún wá bà mí: ohun tí mo kọ fún ara mi nìkan, títí kan àwọn ìwé tó mú mi sunkún, ti wà nílé ẹlòmíràn báyìí.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó rí i. Ìlú wo ni mo ti rí i, n kò ní sọ. Ẹ̀yin náà mọ ìdí. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó pọn ọmọ ló ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà. Mo dúró pé kí n rà, òun sì ká rọ́bà tó tẹ́ sórí tábìlì rẹ̀ kúrò láti nu abẹ́ rẹ̀. Ìkọ̀wé mi ni mo rí. Ìlẹ̀kùn mi ni wọ́n tẹ́ lé orí búlọ́ọ̀kù.

Ó kù díẹ̀ kí n pè é lólè, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Èrò á pé lé wa lórí, ẹnìkan á béèrè ọmọ ibo ni mí, gbogbo rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ nítorí pákó. Mo kàn bi í níbo ló ti rí tábìlì tó lágbára tó báyìí.

"Ọkọ mi ló rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta pákó àlòkù, mà," ó fèsì. "Mo máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i bí ọjà ò bá yá. Mo ti wá méjì rí nínú àwọn ìwé yẹn, mo sì ti kà wọ́n."

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Lábẹ́ ìlà tí mo kọ kẹ́yìn, ó ti kọ orúkọ ìwé kan tí èmi kò kà rí, ó sì kọ ibi tó jókòó sí kà á: nídìí búrẹ́dì.

N kò mọ ohun tó kó sí mi lórí. Mo tọrọ báírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ ìwé tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yá mi, tí mo ti wá kà tán nígbà náà, sí abẹ́ tirẹ̀. Ó wo ohun tí mo kọ. Ó wo àwọn ìlà òkè. Ó wá wo ojú mi, tirẹ̀ sì yí padà. Ó fi ọwọ́ di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. A ò mọ̀ pé tiyín ni. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Ẹ̀rù tó wà lójú rẹ̀ yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ó ti bá mi gbé pẹ́. Ohun tí n kò rò rí ni pé èmi náà lè jẹ́ ẹni tí èèyàn á bẹ̀rù.

Mo fà á dìde. Mo fi ìka lé ìlà tó kọ.

"Ìwé tó o kọ síbí yìí," mo bi í, "ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, kó o yá mi?"